Apá Ta Ni Ẹ̀rọ Rẹ Yìn?

Abereke

Ọpẹ́fólúwa, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ìwádìí rẹ ní yunifásítì ń lọ bó ṣe yẹ? Omi kò ní gbé ọ lọ, ojú kò ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ ní Èkó. Àwa náà ń dúpẹ́. Òkun ti fà sẹ́yìn díẹ̀ lẹ́nu ilé wa, kò wọ yàrá lọ́sẹ̀ yìí rárá.

Pílásítà tí o fi ránṣẹ́ ti dé. Ó ń yọ̀ bọ̀rọ́ lọ́wọ́ mi bí ẹyin ẹja, mo kọ́kọ́ rò pé ó ti bàjẹ́ lọ́nà ni. O ní kí bàbá rẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgúnpá, pé bí wọ́n bá ṣe ń ká apá tí wọ́n ń nà án, ìbáà jẹ́ nínú omi, yóò máa sọ fún fóònù, fóònù yóò sì máa fa ìlà tí ìwọ ń rí l'Ékòó. O ní bí apá náà bá ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n padà sókun, bí kò bá ṣiṣẹ́, kí wọ́n ta ọkọ̀ fún Godwin, apẹja ẹgbẹ́ wọn. O tún ní pílásítà náà kò gbọdọ̀ gbẹ, nítorí náà inú abọ́ omi ló ń sùn, mo sì ń kí i pé ó dàárọ̀, kí àwọn ọ̀gá rẹ tó ń gbọ́ má baà rò pé a ò ní ẹ̀kọ́ ilé.

Bàbá rẹ kọ̀ jálẹ̀. Ìwọ náà ṣáà mọ̀ wọ́n. Láti ìgbà tí apá ọ̀tún wọn ti kọṣẹ́ lórí omi lọ́dún tó kọjá, tó jẹ́ Godwin ló fà wọ́n jáde, wọn ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ apá mọ́. Wọ́n ní àwọn kò ní gbé olófòófó sára. Ó dùn mí kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ṣòfò. Mo wá rántí pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, àlùfáà ní ara kan ṣoṣo ni tọkọtaya, ni mo bá nu ìgúnpá tèmi, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Mo fi wa ọkọ̀ lọ sọ́jà, mo fi fa ìgèrè ẹja lábẹ́ omi. Mo tilẹ̀ ń juwọ́ sí ọ láràárọ̀, ṣé o rí i? Bí mo bá ń wẹ̀ nìkan ni mo ń fi aṣọ bò ó, torí ọkùnrin ni ọ́.

Ìgbà tí iṣẹ́ tí o rán dé orí fóònù, Fadékẹ́mi ará ilé kejì kà á sókè fún wa: o ní apá bàbá le bíi ti ọ̀dọ́mọkùnrin, kí wọ́n máa lọ sókun! Bàbá rẹ ò tilẹ̀ bèèrè bí ẹ̀rọ tí kò kàn wọ́n lára ṣe mọ̀. Wọ́n ní ohun tí ìwé kíkà ń ṣe nìyẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín tí mi ò rí lẹ́nu wọn láti ọjọ́ yìí wá, wọ́n sì ránṣẹ́ sí Godwin pé àwọn kò ta ọkọ̀ mọ́. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí gidi, nítorí apá wọn ò tíì lè gbé fìlà dé orí.

Mi ò lè ba ayọ̀ yẹn jẹ́. Mo rò ó, mo ní apá tí ọmọ mi yìn yìí, èmi ni mo ni ín, bó bá ní kó lọ sókun, àfi kí n bá a lọ. Láti ìgbà náà, èmi ni mo ń jókòó síwájú ọkọ̀, mo ń fi àjẹ̀ wà á, mo ń fa àwọ̀n. Bàbá rẹ jókòó sẹ́yìn, wọ́n ń pàṣẹ, wọ́n ń kọ orin tí wọ́n ń kọ fún mi kí a tó bí ọ. Wọ́n rò pé àwọn ni ọkọ̀ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. A sì ń rí ẹja pa.

Jọ̀ọ́, fi owó epo bẹntiróò ránṣẹ́, kí ẹ́ńjìnì gba àjẹ̀ lọ́wọ́ mi nígbà mìíràn, kí o sì fi pílásítà tèmi kún un, torí bàbá rẹ ti gba èyí lẹ̀ mọ́ apá wọn, wọ́n ti fẹ́ràn olófòófó wọn báyìí, wọn ò bọ́ ọ sílẹ̀ mọ́. Ìlà tí o ń rí lọ́sẹ̀ yìí, tiwọn ni. Bó bá kéré, má jẹ́ kí Fadékẹ́mi kà á sókè o, má sì ní kí wọ́n ta ọkọ̀.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ẹni tí yóò bá ọ wa ọkọ̀ ayé rẹ dé èbúté. Bí ẹ̀rọ rẹ bá ní apá bàbá rẹ kò tó, sọ fún un pé èkejì wà níwájú ọkọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Jọọlá