Pátákó Ábídí Tí Mo Bá Yín Há Sórí

Yàrá 214,
Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin,
Kalamazoo, Michigan.
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1983.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Harlan,

Ẹ kú òtútù o. Ẹ kú eré àárọ̀ nínú yìnyín, ẹ kú ìgbáradì. Ṣé Màmá wà dáadáa? Ṣé orúnkún wọn ti fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀ díẹ̀? Gbogbo ará Saginaw ńkọ́? Èmi wà láàyè níbí, bí a bá yọ ti ìdánwò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kúrò, àti ti oorun tí kò kún ojú mi. Ojú yín ńkọ́? Ti òsì ni mo ń bèèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé dáadáa ló wà, torí ìdáhùn yẹn ló ń bí mi nínú látìgbà Kérésìmesì.

Ẹ fara balẹ̀ ka èyí dé ìparí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fà á ya. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí àbúrò máa bá ẹ̀gbọ́n wí. Mo sì mọ̀ pé ẹni tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò kẹ́mísìrì rẹ̀ àkọ́kọ́ kọ́ ló yẹ kó máa kọ́ èèyàn lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ń bí mi nínú, Ẹ̀gbọ́n. Kóòṣì Pruitt ń bí mi nínú. Èmi fúnra mi ni mo sì ń bí ara mi nínú jù.

Nígbà tí ẹ pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, mo rò pé ẹ kàn fẹ́ kí mi ni. Ẹ ní ìjà ti wà fún yín ní Detroit lọ́jọ́ kọkànlá oṣù tó ń bọ̀, pé lọ́jọ́ kẹta ni dókítà ìgbìmọ̀ ìjà ẹ̀ṣẹ́ máa yẹ̀ yín wò kí wọ́n tó sọ ìwé àṣẹ yín dọ̀tun. Lẹ́yìn náà ni ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ wá ní, "Dessa, ìlà kẹrin ti fò lọ lórí mi. Kà á sí mi létí."

Mo ní àwọn èèyàn ń dúró de fóònù lẹ́yìn mi, mo gbé e sílẹ̀. Irọ́ ni mo pa. Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn mi. Wọ́n ti gbá yín lójú débi pé ẹ ní láti há ábídí tí dókítà fi ń yẹ ojú wò sórí kí wọ́n má baà mọ̀ pé ẹ kò ríran dáadáa. Wọ́n tún wá gbá yín lórí débi pé ẹ gbàgbé ábídí náà. Ẹ sì ń rẹ́rìn-ín.

Mo rántí ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ wọ jíìmù Kóòṣì Pruitt nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni yín, ìbọ̀wọ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi jù yín lọ. Ìwé kékeré tí wọ́n ń kọ ìjà yín sí, èmi ni mo ń fi í pamọ́ sínú Bíbélì Màmá. Ìjà méjìlélọ́gọ́ta, ẹ borí nínú mẹ́rìnléláàádọ́ta. Nígbà yẹn, akoto onítìmùtìmù ń bẹ lórí yín, abala mẹ́ta péré ni ìjà, ife ẹ̀yẹ ni èrè. Mo máa ń kígbe títí ohùn mi á fi há.

Lẹ́yìn náà ni àṣekágbá ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè wa wáyé lọ́dún 1979. Ní abala kejì, àtàǹpàkò ìbọ̀wọ́ ọmọ Texas yẹn wọ ojú òsì yín lọ. Rẹfirí kò rí i. Adájọ́ mẹ́ta gbè é, méjì gbè yín. Yìnyín ni Kóòṣì Pruitt fi tẹ̀ ẹ́, ó ní ó máa lọ. Kò sẹ́ni tó gbé yín lọ sílé ìwòsàn. Láti ìgbà náà lẹ ti máa ń yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ tó ka ìwé ìròyìn.

Ọdún tó tẹ̀ lé e lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jà fún owó, ìyẹn sì gba kí dókítà yẹ ojú yín wò, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Kóòṣì Pruitt wá jókòó sídìí tábìlì wa, Màmá ń dín ẹja lọ́wọ́. Ó yọ bébà kan tí wọ́n kọ lẹ́tà sí ní ìlà-ìlà nínú fìlà rẹ̀. Ó ní pátákó ábídí kan ṣoṣo ni dókítà yẹn ní, pé ó ti wà lára ògiri láti ìgbà tí òun alára ti ń jà, àti pé gbogbo ọmọ tó gba ọwọ́ òun kọjá ló mọ̀ ọ́n bí Àdúrà Olúwa. Ó na bébà náà sí mi. "Ìwọ lo mọ̀wé jù nílé yìí. Sọ ọ́ dorin fún un."

Mo sọ ọ́ dorin. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, orí mi wú. Mo fi aṣọ ìnuwo bo ojú ọ̀tún yín, mo ń bi yín ní ìlà kan lẹ́yìn èkejì; ẹ bá ṣì í, ẹ ó fọ abọ́ kan. Ẹ tún ń ṣẹ̀fẹ̀, "Ojú ọ̀tún ni mo fi ń wo obìnrin, ti òsì kàn ń sìn ín lọ ni." Màmá rẹ́rìn-ín títí epo fi ta sí wọn lọ́wọ́. Ẹ gba ìwé àṣẹ.

Ìjà mọ́kànlá lẹ borí léraléra. Wọ́n lẹ àwòrán yín mọ́ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ẹ ń bá jà kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí sí apá òsì yín. Ẹ̀ṣẹ́ tó gbé yín ṣubú ní Flint lóṣù Kẹwàá, èmi tí mo jókòó lókè lọ́hùn-ún rí i kó tó dé. Ẹ̀yin tó wà níwájú rẹ̀ kò rí i. Kóòṣì Pruitt ní ẹ kò sinmi tó.

Nígbà Kérésìmesì, ẹ da kọfí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Màmá ní aṣọ tábìlì náà ti gbó tẹ́lẹ̀. Ẹ wá sọ fún mi, bí ẹni sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, pé ẹ ń rí nǹkan dúdú wíńníwínní tó ń fò, pé ó ń ṣe yín bí ìgbà tí ẹnìkan ń fa aṣọ fèrèsé bo igun ojú yín. Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ pẹ̀lẹ́ nìkan.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, olùkọ́ wa ya ẹyinjú sára pátákó. Ó ní bí awọ inú ojú bá ń bó kúrò lẹ́yìn, ẹni náà á máa rí nǹkan dúdú tó ń fò, aṣọ á wá máa bo ojú rẹ̀. N kò lè nawọ́ sókè ní kíláàsì, ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má fi mí rẹ́rìn-ín. Mo lé e bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo purọ́ pé ará àdúgbò wa kan ló ń ṣe. Ó ní wọ́n lè lẹ̀ ẹ́ padà bí kò bá tíì pẹ́, ṣùgbọ́n ìgbájú kan ṣoṣo lè parí rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Sọ fún ará àdúgbò yín kó má dúró dọ̀la."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo pe Kóòṣì Pruitt. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ ti sọ mí di ojo, pé kò sí akànṣẹ́ tí ojú rẹ̀ méjèèjì dọ́gba. "Ka ìlà kẹrin fún un, ọmọbìnrin, kó o máa bá ìwé rẹ lọ." Mo bi í pé, "Ta ló ń ka ìwé ìròyìn sí yín létí báyìí, sà?" Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, gbogbo wa la mọ̀ pé ojú rẹ̀ ti bàjẹ́ débi pé kò lè dá a kà mọ́. Ibi tí ìjà bá a já sí ló ń mú yín lọ, orin mi lẹ sì ń kọ lójú ọ̀nà. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ̀yin tí ẹ fi ojú tọrẹ, kí lẹ fẹ́ fi ṣọ́ orí tó kù?

Ohun tí mo ṣe rèé. Bébà Kóòṣì Pruitt ṣì wà nínú ìwé ìṣirò mi àtijọ́. Mo fi í ránṣẹ́ sí dókítà náà láàárọ̀ yìí. N kò dárúkọ yín, n kò dárúkọ jíìmù. Mo kàn kọ ọ́ pé àwọn akànṣẹ́ ìlú wa ti há ohun tó wà nínú bébà yìí sórí tipẹ́tipẹ́, kó jọ̀ọ́, kó gbé pátákó mìíràn kọ́. Bí mo ti ju lẹ́tà náà sínú àpótí, mo tún na ọwọ́ láti fà á yọ. Ọwọ́ mi kò dé ìsàlẹ̀. Bóyá mo ṣì í ṣe. Bóyá àwọn ọmọ jíìmù á máa pè mí ní ọ̀dàlẹ̀. Bóyá ẹ̀yin náà.

Pátákó tuntun lẹ ó bá níbẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Bí ojú òsì yín bá ríran, ẹ ó kà á, n ó sì wá sí Detroit wá kígbe bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí kò bá ríran, ẹ má dúró kí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín. Ọjọ́rú ni ìdánwò mi. Bí mo bá ti jáde, bọ́ọ̀sì ni mo ń wọ̀ bọ̀ wá sílé, ká lè jọ lọ sílé ìwòsàn. Bí ẹ bá fẹ́ lọ síbẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, ẹ máa lọ, ẹ má dúró dè mí.

Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ ní kí wọ́n má gun àtẹ̀gùn ju bó ti yẹ lọ. Ẹ kí Kóòṣì Pruitt náà. Inú rẹ̀ kò ní í dùn, ṣùgbọ́n ẹ kí i.

Èmi ni àbúrò yín tó fi aṣọ ìnuwo bo ojú yín nígbà kan, tí kò ní bò ó mọ́ láé,

Odessa.