Kọ̀ǹpútà Ẹ̀yìn Kò Mọ Íńtánẹ́ẹ̀tì

                                                            Ilé Pak Wiryono,
                                                            Ẹ̀yìn Mọ́sáláásí Kékeré,
                                                            Parakan, Temanggung.
                                                            Ogúnjọ́, Oṣù Kẹjọ, 2023.

Murti, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara màmá àgbà tí ò ń tọ́jú ní Taichung ti ń mókun díẹ̀, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí o sun oorun tó dọ́ṣọ̀? Ẹsẹ̀ rẹ tó máa ń wú tí o bá dúró pẹ́ ńkọ́? Ìyá mi ní kí n kí ọ. Wọ́n ní kí n bi ọ́ bóyá o ṣì ń fi ata jẹun, àbí àwọn ará ibẹ̀ ti gba ata kúrò lẹ́nu rẹ. Àwa náà wà níbí. Àtẹ tábà tí wọ́n ń sá sóòrùn ti gba gbogbo etí ọ̀nà báyìí, títí dé ojú oórì. Aṣọ tí mo wọ̀ kọ ìwé yìí ń rùn tábà, bébà náà lè máa rùn ún títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ. Fi gbóòórùn ilé.

Mo mọ̀ pé yóò yà ọ́ lẹ́nu pé bébà ni mo fi kọ ọ́. O ò ṣí ohun tí mo ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù mọ́. Èyí tí o kọ gbẹ̀yìn ni pé, "Win, ìyá mi ni mo fi sí ọ níkàáwọ́, o sì fi wọ́n ṣeré." Mo kà á nígbà tí mò ń dúró de omi kó hó. Omi náà hó títí ó fi gbẹ nínú ìkòkò. Mo wá rò ó pé ẹni tó bá gba lẹ́tà gidi lọ́wọ́ yóò fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kódà bí inú bá ń bí i.

Mas Gunarto ẹ̀gbọ́n rẹ ti gba ohùn wọn sílẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Wọ́n ní mo lọ tẹ ohun tí kò yẹ kí n tẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, fáírọ́ọ̀sì sì wọ kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù, ó ti gbogbo àwòrán mọ́lé, ti ìyá yín olóògbé náà sì wà nínú wọn. Apá kan níbẹ̀ jóòótọ́. Àwòrán náà ti há. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí o má baà rò pé mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ gígùn bò ó mọ́lẹ̀.

O mọ ṣọ́ọ̀bù Bu Hartati ọ̀gá mi, ibi tí à ń ṣe fọ́tókọ́pì, tí a sì ń tẹ ìwé Yáásìn fún àwọn tó fẹ́ ṣàdúrà òkú wọn. Èmi ni mò ń ṣe èèpo ìwé náà: àwòrán olóògbé lókè, orúkọ lábẹ́, ọjọ́ tí wọ́n lọ lábẹ́ orúkọ. Kọ̀ǹpútà méjì la ní. Ti iwájú ló ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Ti ẹ̀yìn, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kò mọ íńtánẹ́ẹ̀tì látọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé. Mas Gunarto ló to àwọn méjèèjì, àwọn náà ló sì kọ́ mi níṣẹ́ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, tí mi ò mọ̀ ju kí n tan ẹ̀rọ kí n pa á lọ. Wọ́n kọ́ mi pé kí n máa ka orúkọ ìkànnì lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí n tó wọlé. Wọ́n ní kí n má tẹ ohun tó bá ń tàn yanran tó ń sọ pé mo jẹ ẹ̀bùn. Wọ́n ní tí ẹni tí mi ò mọ̀ bá fi fáìlì ránṣẹ́, kí n fi sílẹ̀ bí ẹni rí oúnjẹ lójú títì.

Mo gba ẹ̀kọ́ yẹn bí ẹni gba àdúrà. Àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń wá tẹ iṣẹ́ wọn sọ mí ní Mbak Mẹ́gáàdì, ìyẹn Àǹtí Mẹ́gáàdì, torí mi ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Wọ́n á ní, "Mbak Mẹ́gáàdì, ẹ ò ní yẹ àpò wa wò lónìí?" Màá rẹ́rìn-ín, mi ò sì ní jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Olùkọ́ kan bi mí lọ́jọ́ kan pé irú adènà fáírọ́ọ̀sì wo la ní lórí ẹ̀rọ wa. Mo ní, "Pak, ojú mi ni adènà." Mas Gunarto wà níbẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní, "Ẹ rí ọmọ tí mo kọ́." Inú mi dùn débi pé mo ṣi bébà gé.

Àmọ́ ohun kan wà tí mi ò sọ fún olùkọ́ yẹn, torí mi ò kà á sí nǹkan kan. Adènà wà lórí ẹ̀rọ wa tẹ́lẹ̀. Mas Gunarto ló pa á. Ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣe èèpo ìwé, Bu Hartati ò rà á. Èyí tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni Mas Gunarto máa ń gbé wá lórí fláàṣì, bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ fún gbogbo ìlú, adènà ò sì ní gbà kí nǹkan tí wọ́n já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wọlé. Tó bá ti rí i, á bẹ̀rẹ̀ sí pariwo. Wọ́n sọ fún mi pé, "Má dá a lóhùn, Win. Bíi ajá tó ń gbó onílé ni. Ìwọ ṣáà ti máa ṣọ́ ibi tí ò ń wọ̀." Mo gbà. Ta ni mo jẹ́ tí mi ò ní gbà?

Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ burúkú náà, wọ́n gbé ẹ̀dà tuntun ètò náà wá. Oníbàárà ń lo ti iwájú lọ́wọ́, torí náà ti ẹ̀yìn ni wọ́n kọ́kọ́ fi fláàṣì bọ̀. Kó tó di àsìkò Àsárì, mo rí i pé ẹ̀rọ ẹ̀yìn ń fà bí ẹni tó ń sùn, àti pé èèpo ìwé kan tí mo tẹ̀ láàárọ̀ kò ṣí mọ́. Mo pè wọ́n. Mo ní, "Mas, ẹ wo èyí." Wọn ò tilẹ̀ jókòó. Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ yìí ti dàgbà, Win. Ìwọ náà á dàgbà." Wọ́n yọ fláàṣì, wọ́n lọ fi bọ ti iwájú, wọ́n ṣe tiwọn tán, wọ́n lọ. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kò sí fáìlì kan tó ṣí mọ́ lórí ẹ̀rọ méjèèjì. Ọ̀rọ̀ kan wà lójú wọn pé ká sanwó fún ẹni tí a ò mọ̀ kó tó dá wọn sílẹ̀.

Mas Gunarto dé, àwọn oníbàárà wà ní ìdúró. Wọ́n wo ẹ̀rọ, wọ́n wo Bu Hartati, wọ́n wá kọjú sí mi.

"Win, kí lo tẹ̀?"

Mo ní, "Mi ò tẹ nǹkan kan, Mas."

"Ẹ̀rọ kì í dédé ṣàìsàn. Àbí fíìmù àwọn ará Korea lo lọ wò?"

Ọmọkùnrin kan nínú àwọn oníbàárà ní, "Mẹ́gáàdì ló jí ẹrù," gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Bu Hartati ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wo ọwọ́ mi, bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n á ti rí ohun tí mo tẹ̀. Murti, o mọ̀ mí. Tí àwọn èèyàn bá pọ̀, ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu mi. Nígbà tí yóò fi jáde, wọ́n ti parí ẹjọ́.

Ní ọ̀sán, ẹ̀gbọ́n rẹ ra núdù oníadìẹ fún mi lọ́dọ̀ olóúnjẹ tó ń fi ọmọlanke tà níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́. Wọn ò ra nǹkan fún mi rí. Ìgbà tí wọ́n tún ní kó fi ẹran kún un ni mo mọ̀ pé ó ní ohun tó ń bọ̀. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè kan péré. Mo ní, "Mas, ẹ̀rọ ẹ̀yìn tí kò mọ íńtánẹ́ẹ̀tì, ibo ló lọ tó ti kó o?"

Wọ́n pa ọ̀pá méjì tí wọ́n fi ń jẹ núdù pọ̀. Wọ́n ní, "Ibi tí mo ti mú ètò yẹn, èmi gan-an ò ní jẹ́ kí o débẹ̀."

Mo ní, "Ẹ sọ fún Bu Hartati nígbà náà."

"Win, ronú díẹ̀. Ilé ìwé, ọ́fíìsì abúlé, gbogbo wọn, èmi ni mo to ẹ̀rọ wọn. Tí wọ́n bá gbọ́ èyí, ta ló tún máa pè mí? Ọmọ mi ńkọ́? Ìwọ ò tíì lọ́kọ, o ò lọ́mọ, o ṣì kéré, wọ́n á gbàgbé. Bá mi gbé e fún ìgbà díẹ̀."

Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo rò pé ojú á tì wọ́n tó bá dàárọ̀, tí wọ́n á sì lọ sọ ọ́ fúnra wọn. Mo jẹ núdù náà tán pàápàá. Èmi tí mo jókòó níbẹ̀ tí mò ń ṣàánú wọn, wọn ò tíì délé tí wọ́n ti fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ. Àwọn oníbàárà lè ro ohun tó bá wù wọ́n nípa mi. Ìwọ ni wọn ì bá fi sílẹ̀ fún mi. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lọ bá ọ ṣáájú.

Tẹ́lẹ̀, tí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá kéèyàn máa ṣọ́ra lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan tó láti má jẹ́ kí fáírọ́ọ̀sì wọ ẹ̀rọ, màá ní ó tó. Kò tó. Mi ò ní kéèyàn má ṣọ́ra o. Ibi tí mo ṣọ́, fáírọ́ọ̀sì ò gba ibẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n ibi tí mò ń wọ̀ nìkan ni mò ń ṣọ́, mi ò ṣọ́ ohun tí wọ́n ń gbé wọlé wá bá mi. Àlejò ni mò ń ka orúkọ rẹ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Fláàṣì tó jáde nínú àpò ẹ̀gbọ́n rẹ, mi ò kà á sí ohun tó yẹ kéèyàn bojú wò. Ohun tó sì dùn mí jù ni pé adènà tí wọ́n ní ó ń gbó onílé, òótọ́ ló ń sọ.

Jẹ́ kí n wá sọ ti àwòrán. Mo mọ̀ pé òun nìkan ló kù. Fóònù tí o fi yà á ti bómi lọ ní Taiwan. Mas Gunarto kó tiwọn sórí ẹ̀rọ wa kí wọ́n tó ta fóònù wọn, wọ́n ní kò sí ibi tó láàbò ju ọ̀dọ̀ Win lọ. Ti káàdì ìdánimọ̀ ṣì wà, àmọ́ o ti kìlọ̀ fún mi pé níbẹ̀ ìyá yín dà bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. Mo ronú títí. Mo wá rántí pé mo ti tẹ èèpo ìwé wọn kan fún ìdánwò, ó dúdú jù, mo sì jù ú sínú àpótí bébà tó bàjẹ́. O mọ ibi tí bébà wa máa ń lọ. Èyí tó bá ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lára, a máa ń sun ún. Ìyókù, Yu Parsi ló ń kó o, òun ló fi ń pọ́n tempe díndín, ẹ̀wà sóyà tó ń tà, fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Orúkọ ìyá yín àti ojú wọn nìkan ló wà lára èyí, torí náà mi ò sun ún.

Mo sáré lọ bá Yu Parsi. Ó ń din nǹkan lọ́wọ́, ó ní, "Win, o fẹ́ ra tempe àbí o fẹ́ ra bébà? Bébà wọ́n ju tempe lọ lónìí." Nígbà tó rí ojú mi, ó gbé agbọ̀n náà sílẹ̀ fún mi, òun náà sì kúnlẹ̀, ó ń bá mi tú u. Òun ló rí ìyá yín. Ó ní, "Lasiyem rèé," ó sì fi aṣọ nu ọwọ́ rẹ̀ kó tó mú un. Ó ti fi bébà náà tẹ́ abẹ́ àwo, òróró ti mu igun kan. Kò dé ojú wọn.

Bébà náà wà nínú Yáásìn mi nílé. Mo ti fi fóònù mi yà á, mo tún ya òmíràn sórí fóònù ìyá mi. Ọ̀kan tí mo lọ tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn ló wà nínú lẹ́tà yìí. Mas Gunarto ti gbọ́, wọ́n ní kí n mú un wá kí àwọn fi ṣe ìwé àdúrà ẹgbẹ̀rún ọjọ́ tí ìyá yín ti kú. Mi ò fún wọn. Mo ní ìwọ ni màá kọ́kọ́ bi.

Bu Hartati ti ní kí n máa sinmi nílé ná. Mi ò sọ fún ọ kí o lè bá mi bẹ̀ wọ́n. Ohun kan ni mo fẹ́. Pe ẹ̀gbọ́n rẹ, má bínú sí wọn, má dárúkọ mi. Ṣáà bi wọ́n pé nínú ẹ̀rọ méjèèjì, èwo ló kọ́kọ́ ṣàìsàn. Kí o wá fetí sí bí yóò ti pẹ́ tó kí wọ́n tó dá ọ lóhùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí o bá gbà gbọ́ nípa mi, èmi náà á gbà á.

Bá mi kí màmá àgbà, sọ fún wọn pé mo dúpẹ́ fún tíì tí wọ́n fi rán ọ sí wa nígbà yẹn. Kí Wartini ọ̀rẹ́ wa náà fún mi tí ẹ bá ríra lọ́jọ́ ìsinmi. Nígbà tí o bá ń wo àwòrán náà, wo ọwọ́ òsì ìyá yín. Mi ò rí i rí lójú ẹ̀rọ, ìgbà tó dúdú lórí bébà ni mo tó rí i. Wọ́n ti gbé e sókè díẹ̀, wọ́n ń sọ fún ọ pé kí o má ya àwọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà,
Winarsih