Ọ̀sẹ̀ Tí Òórùn Búrẹ́dì Ń Bí Mi Nínú

Dona Jurema, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú akitiyan ètò yín lórí rédíò fún àwa obìnrin Recife. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ẹ jẹ́ n pe ọkọ mi, tó ń ṣe búrẹ́dì, ní Genival.

Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi láti dín àpòlúkù mi kù. Ara mi fúyẹ́. Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀, bí nǹkan oṣù mi bá ń bọ̀, búrẹ́dì aládùn ni mo fi ń tu ara mi nínú. Ní báyìí, bí mo bá gé e jẹ lẹ́ẹ̀mejì péré, àyà mi á máa lù kìkì, òógùn á bò mí, torí àpòlúkù kékeré yìí ò gba ṣúgà mọ́. Ni ìbínú bá gbilẹ̀. Mo sọ fún Genival pé òórùn búrẹ́dì ara ẹ̀ ti sú mi. Ó kó aṣọ ẹ̀ lọ sílé ìyá ẹ̀.

Mo mú ìwé tí nọ́ọ̀sì ní kí n máa kọ ọjọ́ ìbínú mi sí, mo lọ bá a níbẹ̀. Fún oṣù mẹ́ta, gbogbo ọjọ́ ìbínú náà ló bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú nǹkan oṣù mi.

Ó kà á títí. Ó ní, “Mo rò pé o ti di ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, o ò fẹ́ oníbúrẹ́dì mọ́ ni.”

Mo ní, “Ta ló tún máa gba obìnrin tó ń sunkún nítorí òórùn?”

Ẹ̀rín pa á, ó bá mi padà sílé. Ní báyìí, bí ọ̀sẹ̀ yẹn bá dé, ẹyin àti wàràkàṣì díẹ̀díẹ̀ ni mò ń jẹ dípò búrẹ́dì. Inú ṣì máa ń bí mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ara mi ò bà mí mọ́.

Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí, kí ni ẹ̀yin ń ṣe sí i? Dona Jurema, ẹ bá wa ka èsì wọn. Àwa méjèèjì la máa jókòó gbọ́ ọ.