Bíbélì Tó Dún Lẹ́bàá Orí Ọmọ

Ọlọ́runnísọ̀lá àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àtàwọn ọmọ ní Kánádà. Ara wa le. Orúnkún mi nìkan ló ń ṣàròyé.

Ọ̀dọ̀ Fọláhànmí ọmọ mi ni mo wà l'Ógbòmọ̀ṣọ́, mò ń bá a tọ́jú ọmọ tuntun. Mo ní kó ṣí Bíbélì sí Sáàmù lẹ́bàá orí ọmọ, bí a ti ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ní ìwọ lo sọ pé ti inú fóònù ti tó, pé ayé ìwé ti lọ. Ó gbé fóònù síbẹ̀. Bí ọmọ ṣe sùn báyìí ni fóònù figbe ta. Ọmọ náà figbe ta.

"Ta ló pè?"

"Àwọn tó ń ta dátà ni, Mà."

Látìgbà náà, ọmọ kì í sùn àfi lẹ́yìn mi. Bíbélì onílẹ́tà gàdàgbà wà lọ́jà níbí. Ìwọ lo dá a sílẹ̀, fowó rẹ̀ ránṣẹ́.

Olúwa á máa ṣọ́ yín. Ọmọ wà lẹ́yìn mi bí mo ti ń kọ̀wé yìí, jọ̀ọ́, má pè mí o.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Olúyẹ́misí