Kókó tí Bàbá Ta sí Ọrùn Ìgò

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àárò wa. Mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Orúnkún Màmá ti fúyẹ́, wọ́n ti ń dá gun àtẹ̀gùn. Òrùlé yàrá yín kò jò mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi jókòó. Ẹ mọ̀ pé Bàbá ló ń fi ọkọ̀ wọn bá wa bu omi òkun, kí a lè ya máàpù ibi tí ẹ̀dá tíntìntín kọ̀ọ̀kan ń gbé. Wọn kò mọ̀wé, kókó ni wọ́n ń ta sí okùn ọrùn ìgò: ẹyọ kan fún ibi tí odò ti wọ òkun, méjì fún ìdí àpáta. Nígbà tí mo fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ẹ̀dá inú omi méjèèjì, wọ́n jọra bí ìmumu. Mo bá gé okùn dànù, mo da omi pọ̀. Bàbá ní, "Omi méjì nìyẹn o." Mo ní kí wọ́n fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ fún mi.

Àyẹ̀wò tuntun ti fi hàn pé irú méjì ni àwọn ẹ̀dá náà, ìbátan lásán ni wọ́n. Iṣẹ́ ọdún kan wọmi. Mo kúnlẹ̀ bẹ Bàbá. Okùn tuntun nìkan ni wọ́n ní kí n rà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n, ẹ bá mi dúpẹ́. Ẹ óò fẹsẹ̀ ayọ̀ tẹlé.

Bí mo ṣe fẹ́ pa ìwé yìí dé ni Bàbá gbé ìgò òní wọlé. Kókó mẹ́ta ló wà lọ́rùn ọ̀kan. Mo ti gbé àlùmọ́gàjí kúrò nítòsí.

Àbúrò yín,
Apọnmi Òkun