Omi Àlùwàlá Ìyá Àgbà

Labeebah,

Mo ti lọ sí ọjà Mboppi. Omi ẹ̀rọ ò yọ láti àná, ṣùgbọ́n omi ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀mù. Síbẹ̀, mo bá Ìyá Àgbà lẹ́yìnkùlé láàárọ̀ yìí, wọ́n ń fi iyẹ̀pẹ̀ ṣe àlùwàlá. Wọ́n ní ká tọ́jú omi fún ata tó o gbìn.

Faransé lo fi ráhùn lánàá pé àlùwàlá wọn ló ń jẹ omi ilé tán. O rò pé wọn ò gbọ́ ni? Èdè tí wọ́n fi ta áńkárá kí n tó bí ẹ!

Bu omi kún kẹ́tù wọn, kó o gbé bàsíà sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Èyí tó bá dà síbẹ̀, ti ata ni.

Kó o sì bẹ̀ wọ́n. Yorùbá ni o. Tó o bá ṣì í sọ, wọ́n á bá ẹ tún un ṣe.

Màmá ẹ