Aró Èékánná Màmá Wa: Ìrìn Ayé Yéwándé Ojúọlá Ọláṣẹ̀hìndé (1961–2025)

Ẹ̀yin ẹbí, ará, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ tí ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ láti bá wa sin Màmá wa, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Kémta, nílùú Abẹ́òkúta, ni a ti bí Màmá ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta, ọdún 1961, sínú ilé Jùbrílù, awakọ̀ tó ń ná Èkó láti Kútọ̀, àti Àlímátù, aláró. Ìyá tó bí Àlímátù, tí òun náà jẹ́ aláró, ti kú ní oṣù méjì ṣáájú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọmọ ní Yéwándé. Gbogbo agbo ilé gbà pé aláró àgbà ló padà dé. Àṣé wọn ò tíì rí nǹkan kan. Ọmọ náà kórìíra aró bí ológbò ṣe kórìíra omi.

Ní 1967 ni Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti ń fi èékánná wọn, tí iṣẹ́ aró ilé ti sọ di dúdú, ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wọ́n fi kànìnkànìn àti ọṣẹ fọ ọwọ́ títí ó fi mọ́ tónítóní, wọ́n sì sọ fún ìyá wọn pé ọwọ́ yìí kò tún ní wọ ìkòkò aró mọ́ láé. Àlímátù, tí àwa ọmọ ń pè ní ìyá àgbà, rẹ́rìn-ín ni. "Ó dáa," ni wọ́n wí, "ìkòkò ò ní sá lọ."

Màmá parí ẹ̀kọ́ girama ní 1979, wọ́n kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, ìjọba ìbílẹ̀ sì gbà wọ́n síṣẹ́ ìkéde ní 1986. Ní 1987 ni wọ́n fẹ́ bàbá wa, Ọ̀gbẹ́ni Gbémiga Ọláṣẹ̀hìndé, òṣìṣẹ́ báńkì tó ń lọ Èkó tó ń bọ̀ lójoojúmọ́. Bàbá a máa ṣàwàdà pé inú gbohùngbohùn ni òun ti ń gbọ́ ohùn ìyàwó òun ju inú ilé lọ. Bí abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé bá dé, bí ọjọ́ ìmọ́tótó bá yí, ọkọ̀ ìkéde Màmá ni ará ìlú fi ń mọ̀.

Ní 2020, àrùn Kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé. Ọjọ́ tí a lè jáde ra oúnjẹ, ilé ìwòsàn tó ṣí fún aláboyún, ibi tí ìrẹsì ìrànwọ́ yóò ti dé, ẹnu Màmá ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù karùn-ún, àwọn dókítà kọ̀wé ránṣẹ́ nípa àmì àrùn tó ti wọra: mímí a máa ṣòro, ètè àti èékánná a sì máa dúdú. Màmá sọ ọ́ di Yorùbá tó dùn létí, wọ́n sì kéde rẹ̀ láti Kútọ̀ dé Láfẹ́nwá: "Bí ẹ bá rí ẹni tí èékánná rẹ̀ dúdú bí aró, ẹ jìnnà sí i, kí ẹ pè wá kíá!"

Ọmọ aláró ló kọ ọ́ o, ọmọ Kémta. Kò tiẹ̀ wá sí wọn lọ́kàn rárá.

Kó tó di ọ̀sán, fóònù ọ́fíìsì ò sinmi mọ́. Aláta kan ní Láfẹ́nwá kọ̀ láti tajà fún Saidat, àbúrò Màmá tó ń ṣiṣẹ́ aró. Ọkùnrin kan pè: "Ẹ̀yin ará lókà gọ́fúmẹ́ǹtì, ẹ tètè máa bọ̀ o! Ìyá àgbàlagbà kan wà ní Kémta ńbí, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì ti di aró, ó tún jókòó síta, ó ń jẹ ẹ̀pà!" Màmá ní kó júwe ilé náà. Ilé tí wọ́n bí Màmá sí ló júwe.

À bá rẹ́rìn-ín títí, bí kì í bá ṣe ti Àfúsá. Àrùn náà mú Àfúsá, tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà tó sì ń bá wọn rẹ aṣọ, lóòótọ́. Ìkéde yẹn bà á lẹ́rù débi pé ó ti ìlẹ̀kùn mọ́rí, ó ń fi abẹ ha èékánná rẹ̀ kí wọ́n má baà wá gbé e. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Saidat gbọ́ bó ṣe ń mí gúlegúle lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ó bẹ̀ ẹ́ títí, kò ṣí i. Saidat bá pe Màmá.

Bàbá sọ fún wa pé Màmá sunkún lọ́jọ́ náà. Ẹyin lohùn, wọ́n sì mọ̀ pé ọwọ́ àwọn ló ti bọ́. Wọn ò rán ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé ọkọ̀ ìkéde dé ẹnu ọ̀nà agbo ilé náà, wọ́n sì sọ̀rọ̀ sínú gbohùngbohùn: "Ẹ̀yin ará Kémta, ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ìka tèmi tí mo fi kọ̀wé ló ṣẹ̀, kì í ṣe tàwọn aláró. Aró kì í ṣe àrùn. Ètè àti èémí ni kí ẹ máa wò. Àfúsá, ìtọ́jú ni wọ́n fẹ́ gbé ẹ lọ gbà, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Tó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ aró ni wọ́n ń kó, kí wọ́n kó èmi náà!"

Bí wọ́n ṣe wí bẹ́ẹ̀ tán, wọ́n ká apá aṣọ ọ́fíìsì wọn sókè, wọ́n sì ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú ìkòkò ìyá wọn, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélógójì. Àfúsá tó ń yọjú lójú fèrèsé rí i. Ó ṣí ìlẹ̀kùn. Ìyá àgbà ò sọ ju gbólóhùn kan lọ lábẹ́ ìbòmú wọn: "Mo ní ìkòkò ò ní sá lọ." Ọjọ́ mẹ́tàlá ni Àfúsá lò ní ibùdó ìyàsọ́tọ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló sì fi rìn wọlé padà.

Láti ìgbà náà, Màmá kì í gbé ìkéde jáde láìkọ́kọ́ kà á fún aláró kan, awakọ̀ kan àti ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ kan. Wọ́n ṣì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì náà dòní. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2021, a ti ń wá ṣọ́ọ̀bù fún wọn ní Kútọ̀, àfi bí wọ́n ṣe gba Kémta lọ tí wọ́n jókòó ti ìkòkò aró. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin níṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Akọrin ni wọ́n nínú ìjọ Áńgílíkà, síbẹ̀ wọn kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn se sààrì fún ìyá wọn nígbà ààwẹ̀, títí ìyá àgbà fi papòdà ní 2023.

Màmá dágbére fáyé ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá, ọdún 2025, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Wọ́n fi ọkọ wọn sáyé lọ, pẹ̀lú àwa ọmọ, Ṣọlá, Ọpẹ́olúwa àti Àyànfẹ́, ọmọ-ọmọ mẹ́fà, Saidat àbúrò wọn, àti Àfúsá, tó rẹ aṣọ tí a fi wé wọn.

Nígbà tí wọ́n ń tọ́jú òkú Màmá, obìnrin tó ń wẹ̀ wọ́n bi wá bóyá kí òun fọ aró kúrò ní èékánná wọn. Kí a tó lanu, Àfúsá ti dáhùn: "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ yẹn ló ṣílẹ̀kùn fún mi."

Yéwándé, ọmọ Àlímátù, ọmọ aláró Kémta, ilẹ̀ á dẹ̀ fún yín. Ẹ sùn re o, Màmá. A ó máa bójú tó ìkòkò.